Ọmọ Tí A Kì Í Gbé Kalẹ̀

Ọ̀gá ni mo ń pe ọmọ-ọmọ mi, nítorí pé láti ọjọ́ tó ti wọlé wa ni gbogbo wa ti di òṣìṣẹ́ rẹ̀. Bó bá sùn, a ó máa yọ́ rìn. Bó bá jí, ẹni tó ń jẹun á gbé ṣíbí kalẹ̀. Èmi tí mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé títí mo fi fẹ̀yìntì, tí mo máa ń jágbe mọ́ odindi bọ́ọ̀sì ọmọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí gbogbo wọn á jókòó wọ̀ọ̀, èmi náà ni mo wá ń wúkọ́ sínú ìrọ̀rí nítorí ẹ̀dá tí kò gùn tó apá mi.

Wọ́n bí i nígbà tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó. Kò wúwo ju kílò kan ó lé díẹ̀ lọ. Inú àpótí gíláàsì ló kọ́kọ́ gbé, tí àwa ń yọjú sí i láti ẹ̀yìn fèrèsé. Nígbà tó tó gbé jáde, nọ́ọ̀sì ní ooru ara ènìyàn ló kù tó nílò láti dàgbà: kí a tú u láṣọ, kí a gbé e lé àyà, kí ara kan ara, kí a sì fi aṣọ bo òun àti ẹni tó gbé e. Ọmọbìnrin mi tó bí i kò tíì lè dìde dáadáa nígbà náà, torí iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, inú fóònù nìkan la ti ń rí i. Ìyàwó mi ló tú bọ́tìnì bùláòsì rẹ̀. Ó ní, "Ẹ gbé e wá." Láti ọjọ́ náà, kò gbé e kalẹ̀ mọ́.

N kò sọ àsọdùn. Orí àga ló ń sùn, ọmọ láyà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣe gbogbo nǹkan: ó ń fi ọwọ́ kan gé àlùbọ́sà, ó ń fi ọwọ́ kan ká aṣọ, ó ń fi ọwọ́ kan bá mi wí nígbà tí kò bá fẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde. Ẹ rí i, bí ìka yẹn bá ti nà sí mi báyìí, mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe nǹkan. Bí mo bá ní kí n bá a gba ọmọ náà díẹ̀, á wò mí bí ẹni tó fẹ́ jí nǹkan lápò rẹ̀. Ọmọ sì ń dàgbà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń yọ, itan rẹ̀ ń kún. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni èmi àti ìyàwó mi ti bára wa jà lé lórí láyé yìí, ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ mọ́ ọn: òun ló gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ ikú.

Ìgbà tó yá ni ilé ìwòsàn ránṣẹ́ pé kí gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ní kékeré bẹ́ẹ̀ padà wá, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń mira. A bọ́ sínú yàrá kan tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju fóòmù pẹlẹbẹ nílẹ̀, àga mélòó kan, àti kámẹ́rà kan lórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ògiri rẹ̀ funfun gbòò. Kò sí àwòrán, kò sí bèbí, kò sí nǹkan ìṣeré. Mo ní lọ́kàn mi pé ibi tí wọ́n ti ń wo ọmọdé wá le bíi ti àgọ́ ọlọ́pàá.

Obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà kúrú, ó so gíláàsì ojú kọ́rùn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá wa sọ lẹ́yìn ìkíni ni, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́." Mo ti sọ ọ́ ní Màmá Ẹ-dákẹ́ kí n tó jókòó. Mo sì sọ fún ìyàwó mi létí, òun sì fi ìgúnpá gún mi níhà.

Màmá Ẹ-dákẹ́ ṣàlàyé fún wa. Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀jẹ̀ gbígbà. A ó fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ pẹ̀lú nápìì nìkan, wọn á ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò gbọdọ̀ máa sùn, kò gbọdọ̀ máa sunkún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín sí i.

"Kí wá lẹ fẹ́ rí?" mo bi í.

"Ohun tó ń ṣe nígbà tí kò sí ẹni tó ń ṣe é fún un, Bàbá."

Ó ní bí ọpọlọ ọmọ bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, ní irú ọjọ́ orí yìí, gbogbo oríkèé ara rẹ̀ ló máa ń mì wẹ́wẹ́: ọrùn, ọrùn ọwọ́, ọrùn ẹsẹ̀, àwọn ìka. Bí a kò bá rí i, tàbí tí a rí i níbì kan tí a kò rí i níbòmíràn, nǹkan wà nílẹ̀ nìyẹn. Ó ní bí a bá tètè mọ̀, iṣẹ́ wà tí a lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọpọlọ ṣì ń kọ́ra. Bí a bá sì dúró di ìgbà tó yẹ kó rìn tí kò rìn, a ti fi àsìkò tó dára jù ṣòfò. Ọmọbìnrin mi ń mi orí sókè sódò bí ọmọ iléèwé. Ìyàwó mi kò mi nǹkan kan.

Èmi béèrè pé irú ọjọ́ orí wo ni wọ́n ń sọ. Mo ní ọmọ wa ti pé oṣù márùn-ún. Ó ní rárá, níbí, ọmọ oṣù mẹ́ta ni. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n bí i ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mo ní bí wọ́n bá bá èmi náà ṣe irú ìṣirò yẹn, bóyá mi ò bá tíì fẹ̀yìntì. Kò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin mi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n tẹ́ Ọ̀gá sórí fóòmù. Ìyàwó mi gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní ikùn rẹ̀.

"Màmá, ọwọ́ yín."

Ó gbé e kúrò. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Kò pẹ́ tí ìyàwó mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n pa "tọ̀, tọ̀, tọ̀" sí i. Màmá Ẹ-dákẹ́ wò ó. Ó dáwọ́ dúró. Ọmọ wá ká ètè lulẹ̀ bíi pé yóò sunkún, àmọ́ kó tó sun ún, ìyàwó mi ti há a mọ́ àyà, ó ti kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wa. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀. Màmá Ẹ-dákẹ́ pa kámẹ́rà, ó ní a kò rí nǹkan kan. Ó ní kí a lọ yà á nílé pẹ̀lú fóònù, bóyá ara rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀.

Ọmọbìnrin mi ló yà á nílé. Ó lé gbogbo wa jáde nínú yàrá, ó sì fi fídíò náà ránṣẹ́. Ọjọ́ kejì, Màmá Ẹ-dákẹ́ pè wá. Ohùn rẹ̀ ń jáde látinú fóònù lórí tábìlì.

"Ta ló dúró sí apá ọ̀tún ọmọ náà?"

Gbogbo wa wo ara wa. Ìyàwó mi ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sì rọra ń kọrin. Mo ní a mà ṣẹ̀ o, wọ́n ti gbọ́ orin rẹ̀. Obìnrin náà ní òun kì í gbọ́ nǹkan kan, òun máa ń pa ohùn fídíò kí òun tó wò ó. Ó ní, "Ọmọ náà ò wo ibòmíràn. Gbogbo ara rẹ̀ ń dá ẹni yẹn lóhùn. Èmi ò fẹ́ rí ìdáhùn rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ẹ dákun, àsìkò tí a fi lè rí nǹkan yìí ti ń lọ. Láìpẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ọwọ́ mú nǹkan, a ò sì ní lè kà á mọ́."

Ọjọ́ yẹn ni ìyá àti ọmọ fa ìjà. Ọmọbìnrin mi kì í gbóhùn sókè sí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó gbé e sókè.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọmọ mi!"

"Kí ni wọ́n ń wá lára rẹ̀? Ṣé kò jẹun ni? Ṣé kò rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

"Mi ò fẹ́!" ìyàwó mi ní. Ó jókòó. "Nígbà tó wà nínú gíláàsì, ẹnìkan nínú wọn sọ fún mi pé kí n má fi gbogbo ọkàn mi sí i. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé e láyà, mo fi gbogbo ọkàn mi sí i, òun nìyí. Ní báyìí wọ́n tún ní kí n gbé e kalẹ̀ kí wọ́n lè sọ òmíràn."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bínú torí pé ó fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú, tí èmi ń dá àpárá kiri ilé. Mo bá lọ bu omi wá fún un.

Nígbà tí a padà lọ sí yàrá funfun yẹn, Màmá Ẹ-dákẹ́ kò gbé kámẹ́rà sórí ìdúró. Ó gbé e fún ìyàwó mi. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa yà á lónìí. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi dì í mú. Bó bá mì, a máa tún un yà."

Inú ìyàwó mi dùn díẹ̀, mo rí i. Obìnrin tí wọ́n ti ń lé sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí wá di ẹni tí wọ́n ń fi nǹkan olówó ńlá lé lọ́wọ́. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọmọ náà, ó gbé kámẹ́rà sí àyà, ó wo ojú rẹ̀. Kò lè nawọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ há. Kò lè kọrin, torí ó ń ṣọ́ èémí ara rẹ̀ kí àwòrán má baà mì. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Ọ̀gá wo òkè àjà, ó ta ẹsẹ̀, ó yí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síbí sọ́hùn-ún, àwọn ìka rẹ̀ ń ṣí, wọ́n ń pa dé. Lójú tèmi, ọmọ tó dára ni. Mo ti ń múra láti sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wo ojú ìyàwó mi.

"Ọwọ́ kejì ńkọ́?" ó ní, jẹ́jẹ́.

Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i.

"Ọwọ́ òsì yìí. Kò ṣe nǹkan kan."

Mo wá wò ó. Ọwọ́ òsì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, ó di ẹ̀ṣẹ́, ó dákẹ́ síbẹ̀. Ọwọ́ kejì ń ṣeré, òun kò bá a ṣe. Ọmọ tí a ti ń gbé láti ọjọ́ yìí, tí a ń wẹ̀, tí a ń wọ̀ láṣọ, n kò rí i rí. Ọmọbìnrin mi fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ máa yà á lọ, Màmá," obìnrin náà ní. "Ó ku díẹ̀ kó pé."

Ìyàwó mi sì ń yà á lọ. Omi ń já bọ́ lójú rẹ̀, ó ń ti imú bọ́ sí ètè, kò lè nù ún torí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lára kámẹ́rà. Kámẹ́rà kò mì rárá.

Màmá Ẹ-dákẹ́ àti òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wo fídíò náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pè wá padà. Ó bá wa sọ̀rọ̀ láìyí i sọ́tùn-ún sósì. Ó ní ìmira wẹ́wẹ́ yẹn kò sí ní apá òsì, ó sì ṣeé ṣe kí apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ má lágbára bíi ti ọ̀tún. Ó ní inú orí ló ti wá, láti àkókò tí wọ́n bí i, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dà síbi tí kò yẹ.

Ìyàwó mi ní, "Èmi ni."

"Rárá o, Màmá."

"Ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni mo máa ń gbé sí àyà. Apá yẹn ló máa ń wà lábẹ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ pa."

"Kẹ́ ẹ tó gbé e rárá ló ti ṣẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe gbé e kò ṣe ọwọ́ náà ní nǹkan. Ó kàn bò ó tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i ni."

Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn dákẹ́, bó ṣe máa ń ní kí àwa dákẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ì bá tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gé òótọ́ sí méjì.

Iṣẹ́ tó gbé fún wa kò ṣòro láti sọ. Kí a fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọwọ́ ọ̀tún tó dára fún ìwọ̀nba àkókò lójúmọ́, kí a gbé nǹkan tó wù ú sí tòsí ọwọ́ òsì, kí a sì dúró. Kí ọwọ́ tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́ máa kọ́ iṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má bá a ṣe é. Ọmọbìnrin mi ti fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní báǹkì, nítorí náà orí èmi àti ìyàwó mi ló já lé.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ń ṣe é. Bí mo bá ti mú ìbọ̀sẹ̀, ìyàwó mi á jáde lọ sẹ́yìnkùlé lọ fọ aṣọ. Nígbà tí aṣọ ìdọ̀tí tán, ó ń fọ èyí tó mọ́. Ọ̀gá á wo òrùka ìṣeré pupa ńlá tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi ìbọ̀sẹ̀ gbá a, kò ní rí i mú, á sì figbe ta. Ẹ wo ẹkún! Ọkàn mi kò gbà á. Ní ọjọ́ kẹta, mo rọra ṣí ẹ̀ṣẹ́ òsì náà, mo ti òrùka sínú rẹ̀, mo sì ní, "Ọ̀gá, o ṣé o! O mú un!"

Mo gbójú sókè, mo rí ìyàwó mi lójú fèrèsé, ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá.

"Bàbá wọn, kí lẹ̀ ń ṣe yẹn?"

"Mò ń ràn án lọ́wọ́ ni."

Ó wọlé, ó nu ọwọ́ sí aṣọ ara rẹ̀. "Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ ò lè ṣe é."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo máa wá ṣe é? Ìwọ tí o kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ bí ẹ̀yìn ọmọ yìí ṣe rí!"

"Èmi ni." Ó jókòó sílẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ń bá a ṣe é, a ò tún ní mọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́ láyé mi."

Ó yọ òrùka náà lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e padà sílẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọmọ á ké, òun á máa wò ó. Bí àkókò bá ti pé, á gbé e láyà, á sì rìn yí ilé ká títí yóò fi sùn. Nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọdọ̀ sún mọ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ òsì kò ṣe nǹkan tí èmi rí. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ìyà lásán là ń fi jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin mi dé láti ibi iṣẹ́ kí àsìkò rẹ̀ tó tó. Ìta ló ti ń gbọ́ ẹkún. Ó ṣílẹ̀kùn, ó bá ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, ojú rẹ̀ pọ́n, omi ojú pò mọ́ ikun. Ìyàwó mi jókòó lé ọwọ́ tì í. Èmi wà lórí àga, mo kọjú sí ògiri. Ó mọ iṣẹ́ tí à ń ṣe. Òun gan-an ló rán ìbọ̀sẹ̀ náà kí ó lè ṣe ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wẹ́kú. Àmọ́ kò tíì bá wa lórí rẹ̀ báyìí rí.

"Kí ló dé? Ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ẹ̀ ń wò ó tó ń ké báyìí?" Ó ju báàgì sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ kó gbé e.

N kò mọ ìgbà tí ìyàwó mi fa ọwọ́ yọ. Mo kàn rí i tó ti gbá ọmọbìnrin wa lọ́rùn ọwọ́ mú.

"Jẹ́ kó bínú," ó ní. "Iṣẹ́ ló ń ṣe."

"Mọ́mì!"

"Wo ibẹ̀ yẹn."

A wò ó. Ọwọ́ òsì náà ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ó ń gbọ̀n, ó lọ díẹ̀, ó dúró, ó tún lọ. Ọmọ náà ń ké, kò dákẹ́ ẹkún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ. Ẹ̀ṣẹ́ náà ṣí, kì í ṣe gbogbo ìka, bíi méjì tàbí mẹ́ta. Wọ́n bọ́ lé orí òrùka pupa, wọ́n gbá a mú, wọ́n fà á. Kò fà á jìnnà. Ó tó ìbú àtàǹpàkò mi. Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ọwọ́ náà, ó sì balẹ̀ síbẹ̀ lórí ẹní.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Omi ń bọ́ lójú ọmọbìnrin mi, ìyá rẹ̀ sì di ọwọ́ rẹ̀ mú débi pé awọ ibẹ̀ ti funfun.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ṣé mo lè gbé e báyìí?"

Ìyàwó mi gbójú sókè wo aago ara ògiri. Ojú rẹ̀ tutù rin.

"Ó ku díẹ̀," ó ní, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dúró.